Ẹ Kọ́ Asẹ́ Ímeèlì Yín Fúnra Yín, Pàápàá Bí Ẹ Bá Ń Gbé Festac

Bí ẹ bá ń gbé Festac, Agboju, Mile 2 tàbí ibikíbi ní ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin, tí ẹ sì ń fi ímeèlì wá iléèwé, iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lókè òkun, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ka lẹ́tà yín kí ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí tó rí i. Irú ẹ̀rọ yẹn náà ló ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí yín kí ẹ̀yin tó rí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya ímeèlì gidi sọ́tọ̀ kúrò lára pàǹtírí, ìyẹn spam.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má fi ìdájọ́ yẹn sílẹ̀ pátápátá fún ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn kọ́. Ẹ fi sọfíwià ímeèlì sórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ sì kọ́ asẹ́ tó wà nínú rẹ̀ fúnra yín. Mo mọ̀ pé ó jọ ọ̀rọ̀ kékeré létí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí kò fi kéré.

Orúkọ àdúgbò wa

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ òótọ́ tí gbogbo wa mọ̀. Festac Town yìí, àlejò ni wọ́n kọ́ ọ fún. Nígbà tí Nàìjíríà gba àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, FESTAC '77, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ibí ni wọ́n ṣètò kí àwọn olùkópa dé sí. Orúkọ rere la fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, nígbà tí sàìbà káfé pọ̀ káàkiri àwọn Avenue wa, orúkọ míì tún lẹ̀ mọ́ wa lára. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ sí káfé nígbà náà, èsì ìdánwò ni wọ́n ń wò, tàbí kí wọ́n kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n wọn ní London. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé lẹ́tà 419 ni wọ́n ń kọ, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì lọ́pọ̀ yanturu. Ohùn àwọn yẹn ni ayé gbọ́.

Ní 2005, ìwé ìròyìn Los Angeles Times ti Amẹ́ríkà gbé ìròyìn gígùn kan jáde láti Festac nípa àwọn tó ń ṣe jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn tó ń pín ẹ̀bùn Ig Nobel, ẹ̀bùn ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n máa ń fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àtàwọn míì lọ́dọọdún, fún “àwọn oníṣòwò íntánẹ́ẹ̀tì ti Nàìjíríà” ní ẹ̀bùn lítíréṣọ̀, nítorí ìtàn Ọ̀gágun Abacha, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn míì tí wọ́n ń fi ímeèlì pín kiri. Ayé rẹ́rìn-ín. Ó pa èmi náà lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n àwa tí a kò kọ lẹ́tà kankan là ń san owó ẹ̀rín yẹn títí dòní.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀dọ̀ wa ni spam ti bẹ̀rẹ̀ o. Spam àkọ́kọ́ tí ìtàn ímeèlì mọ̀, ọdún 1978 ni, ọdún kan péré lẹ́yìn FESTAC '77. Gary Thuerk, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà DEC ní Amẹ́ríkà, ló fi ìpolówó ọjà ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn lórí ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bí íntánẹ́ẹ̀tì òde òní. Jìbìtì “fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kó o lè gba púpọ̀” náà ti pẹ́ ju káfé lọ. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn gbájúẹ̀ ń kọ lẹ́tà káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pé olówó kan wà lẹ́wọ̀n ní Spain, pé ẹni tó bá bá wọn dá owó kó lè jáde yóò jẹ nínú ọrọ̀ rẹ̀. Lẹ́tà Abacha, ọmọ-ọmọ lẹ́tà yẹn ni. Nọ́ńbà 419 nìkan ló jẹ́ tiwa: ìpín kan ni nínú òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, èyí tó sọ̀rọ̀ nípa fífi ẹ̀tàn gba nǹkan onínǹkan.

Bí asẹ́ náà ṣe ń ronú

Gbogbo ẹni tó ti bá ìyá rẹ̀ sẹ́ ògì rí ló mọ iṣẹ́ asẹ́. Ẹ da àgbàdo lílọ̀ sí i, ẹ bu omi sí i, ògì á kọjá, eèrí á kù sókè. Asẹ́ ògì kì í ronú; bí ihò rẹ̀ ṣe tó ló fi ń dájọ́. Asẹ́ ímeèlì yàtọ̀. Kò ní ihò kankan títí ẹ ó fi kọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ máa fi ògì hàn án, ẹ̀yin náà lẹ máa fi eèrí hàn án, òun fúnra rẹ̀ á wá lu ihò tó bá ohun tó rí mu.

Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́. Thomas Bayes, pásítọ̀ kan ní England, ló ronú kàn án. Ọdún 1763, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí: bí mo bá rí àmì tuntun kan, báwo ló ṣe yẹ kí ohun tí mo gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ yí padà tó? Ní 1998, Mehran Sahami àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí bí a ṣe lè fi ìṣirò yẹn mú spam. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2002, Paul Graham, ẹni tó ń kọ prógíráàmù, gbé àròkọ kan jáde tó pè ní “A Plan for Spam”, ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà sì tó tàn kálẹ̀. Nígbà tí Thunderbird, sọfíwià ímeèlì ọ̀fẹ́ ti Mozilla, jáde ní ẹ̀dà 1.0 ní oṣù kejìlá ọdún 2004, irú asẹ́ yìí ti wà nínú rẹ̀.

Ohun tí Graham ṣe nìyí. Ó kó nǹkan bí ímeèlì gidi 4,000 jọ, ó kó nǹkan bí spam 4,000 jọ, ó wá ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fara hàn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gba máàkì láti 0.01 dé 0.99. Èyí tó sún mọ́ 0.01, ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni. Èyí tó sún mọ́ 0.99, ọ̀rọ̀ gbájúẹ̀ ni. Bí ímeèlì tuntun bá dé, asẹ́ á mú ọ̀rọ̀ 15 tí máàkì wọn jìnnà sí àárín jù lọ, á pa wọ́n pọ̀. Bí àpapọ̀ bá ju 0.9 lọ, ó di pàǹtírí.

Nísinsìnyí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Nínú àpẹẹrẹ tí Graham fúnra rẹ̀ fi sínú àròkọ náà, ọ̀rọ̀ “madam” gba 0.99. Ọ̀rọ̀ “republic” náà gba 0.99.

“Madam”! Ọ̀rọ̀ tí à ń lò láti ra tòmátò ní Agboju! Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá fi ń kí ìyá oníbúrẹ́dì! “Republic” ńkọ́? Ó wà lórí pásípọ́ọ̀tù gbogbo wa. Kì í ṣe pé Graham ń bú wa o. Nínú ímeèlì gidi tirẹ̀, ta ló fẹ́ máa pè é ní madam? Àwọn tó ń kọ “Dear Sir/Madam” sí i kò mọ̀ ọ́n rí, ọjà ni wọ́n fẹ́ tà fún un. Asẹ́ rẹ̀ kò ṣàṣìṣe. Ìgbésí ayé rẹ̀ ló kà, kì í ṣe tiwa.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é. Àpẹẹrẹ lásán ni nọ́ńbà yìí, èmi ni mo gbé e kalẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn. Ká sọ pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Kánádà tó ní ímeèlì gidi 100 àti spam 100. Ọ̀rọ̀ “Lagos” wà nínú ẹyọ 1 péré lára ímeèlì gidi rẹ̀, ó sì wà nínú 19 lára spam rẹ̀. Nínú ímeèlì 20 tó ní “Lagos”, 19 jẹ́ spam. Lójú asẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n yìí, ìṣeéṣe pé ímeèlì tó ní “Lagos” jẹ́ spam jẹ́ ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ wá wo ti ọmọ Festac. Òun náà ní ímeèlì gidi 100 àti spam 100. “Lagos” wà nínú 19 lára spam rẹ̀, iye kan náà pẹ̀lú ti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ó wà nínú 57 lára ímeèlì gidi rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń kàwé, ibẹ̀ ni banki rẹ̀ wà. Nínú ímeèlì 76 tó ní “Lagos”, 19 péré jẹ́ spam. Ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan náà, spam kan náà, ìṣirò kan náà. Ìkan ní ìdá 95, èkejì ní ìdá 25. Ẹ̀rọ náà kò kórìíra wa, kò sì fẹ́ràn wa. Ohun tí wọ́n fi bọ́ ọ ló ń sọ jáde. Ìdí nìyẹn tí Graham fúnra rẹ̀ fi sọ nínú àròkọ yẹn pé ó sàn kí olúkúlùkù ní asẹ́ tirẹ̀, èyí tí a fi ímeèlì tirẹ̀ kọ́. Ó sọ ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Àwa gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn bá wí jù.

Asẹ́ tí ẹlòmíràn ti kọ́ sílẹ̀

Ẹ lè ní, ṣebí nọ́ńbà àpẹẹrẹ lo gbé kalẹ̀? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà níta gan-an.

SpamAssassin jẹ́ sọfíwià ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ sáfà ímeèlì ń lò láti ọdún 2001. Ó máa ń fún ímeèlì ní póìǹtì lórí àwọn àmì tó bá rí. Bí póìǹtì bá ti pé 5, spam ni, àfi bí ẹni tó ń tọ́jú sáfà bá yí i padà. Nínú àwọn ẹ̀dà rẹ̀ àtijọ́, òfin kan wà tó ń jẹ́ NIGERIAN_BODY1. Ó ní àwọn àbúrò pẹ̀lú. Orúkọ orílẹ̀-èdè wa ni wọ́n fi sọ irú spam kan lórúkọ.

Outlook ti orí kọ̀ǹpútà, èyí tó ti wà tipẹ́, ní ojú ìwé kan tí wọ́n pè ní International nínú ètò Junk rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè mú àmì orílẹ̀-èdè tí kò fẹ́ rí ímeèlì rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá mú NG, gbogbo àdírẹ́sì tó parí sí .ng, ti yunifásítì, ti banki, ti ìjọba, inú pàǹtírí ni gbogbo wọn ń lọ. Tíìkì ẹyọ kan ṣoṣo. Kò ní sọ fún yín pé òun ti ṣe é.

Gbájúẹ̀ gan-an ní asẹ́ tirẹ̀, ẹ̀yí ló sì yà mí lẹ́nu jù. Ní 2012, Cormac Herley, onímọ̀ kan ní Microsoft Research, béèrè ìbéèrè tó jọ ẹ̀fẹ̀: kí ló dé tí àwọn oníjìbìtì fi ń sọ pé Nàìjíríà làwọn ti wá, nígbà tí gbogbo ayé ti gbọ́ nípa 419? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ ni asẹ́. Fífi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mílíọ̀nù ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ náni ní nǹkan. Àkókò tí èèyàn á fi máa bá ẹni tó dáhùn fà á ló náni. Nítorí náà, ó tẹ́ gbájúẹ̀ lọ́rùn kí ọlọ́gbọ́n rẹ́rìn-ín kó sì pa lẹ́tà náà rẹ́, kó jẹ́ ẹni tí kò fura rárá nìkan ló máa dáhùn. “Nàìjíríà” inú lẹ́tà yẹn, ihò asẹ́ ni.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Bí àlàyé yìí bá jóòótọ́, kódà gbájúẹ̀ tí kò dé Nàìjíríà rí lè jèrè nínú pípe ara rẹ̀ ní ọmọ Nàìjíríà. Lẹ́tà rẹ̀ á tún lọ kọ́ asẹ́ ayé pé “Nàìjíríà” ni àmì jìbìtì. Àwa la máa jókòó ní Festac tí a máa san gbèsè tí a kò jẹ.

Àṣìṣe méjì, iye méjì

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Agboju wá ààyè PhD lókè òkun. Wọ́n kọ̀wé pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí fídíò. Lẹ́tà náà ní “congratulations” nínú, ó ní “funding”, ó ní kó fi orúkọ tó wà lórí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ yẹn: ṣé wọn kò jọ ti gbájúẹ̀? Iléeṣẹ́ ímeèlì tó ń lò, n ò ní dárúkọ wọn, jù ú sínú Spam. Ọjọ́ kọkànlá ló rí i. Ọjọ́ kẹjọ ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti yẹ kó wáyé. Ó kọ̀wé bẹ̀bẹ̀, wọ́n dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹlòmíràn ti gba ààyè náà.

Nínú sáyẹ́ǹsì ìṣirò, asẹ́ lè ṣe àṣìṣe méjì. Àkọ́kọ́, ó lè ṣílẹ̀kùn fún olè. Ìkejì, ó lè ti ọmọ onílé mọ́ta. Kò sí asẹ́ tí kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí ẹ bá ń dín ọ̀kan kù, èkejì sábà máa ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ń ṣe asẹ́ gbọ́dọ̀ pinnu èyí tó burú jù. Graham pinnu: ó ka ọ̀rọ̀ inú ímeèlì gidi ní ìlọ́po méjì nínú ìṣirò rẹ̀, kí asẹ́ má bàa máa ju ímeèlì gidi nù.

Lójú tèmi, ọ̀dọ́ Festac tó ń wá ọ̀nà gbọ́dọ̀ lọ jìnnà ju ti Graham lọ. Bí spam márùn-ún bá bọ́ sínú Inbox mi lọ́jọ́ kan, ìṣẹ́jú kan ni mo pàdánù. Bí lẹ́tà iléèwé kan bá sọnù, ọdún kan lè lọ. Kí spam márùn-ún wọlé lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá, ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí lẹ́tà kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ sọnù. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Kánádà lè ní èrò tó yàtọ̀, kò sì burú. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí asẹ́ wa jẹ́ ọ̀kan náà.

Bí a ṣe ń ṣe é

Thunderbird ni màá fi ṣàlàyé torí ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, asẹ́ rẹ̀ sì ṣeé kọ́. Orúkọ inú mẹ́nù lè yí díẹ̀ láti ẹ̀dà kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ẹ máa rí i.

Àkọ́kọ́, ẹ wà á sílẹ̀ láti thunderbird.net, kí ẹ sì fi àkáǹtì ímeèlì yín sí i. Bí ó bá bi yín ní IMAP tàbí POP, ẹ mú IMAP. IMAP á jẹ́ kí ẹ rí gbogbo fódà tó wà lórí sáfà, títí kan fódà Spam. POP máa ń mú kìkì ohun tó wà nínú Inbox wá, ohun tí sáfà bá ti jù sínú Spam kò ní dé ọ̀dọ̀ yín.

Ìkejì, ẹ ṣí Account Settings, ẹ lọ sí Junk Settings, ẹ tíìkì “Enable adaptive junk mail controls for this account”. Asẹ́ ti wà níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n òfìfo ni. Kò tíì mọ nǹkan kan.

Ìkẹta, lójú ìwé yẹn kan náà, ẹ tíìkì ìwé àdírẹ́sì yín, kó má bàa máa ka ímeèlì ẹni tó wà nínú rẹ̀ sí spam. Ẹ wá fi àdírẹ́sì gbogbo iléèwé, ọ̀jọ̀gbọ́n àti iléeṣẹ́ tí ẹ ti kọ̀wé sí sínú ìwé náà lónìí, kí wọ́n tó dáhùn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, òun ló sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo èyí.

Ìkẹrin, ẹ máa rí ibi tó ní kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé àmì tí asẹ́ mìíràn, bíi SpamAssassin, ti fi sára ímeèlì. Ìmọ̀ràn mi: ẹ fi sílẹ̀ láìtíìkì. Ẹ ti rí ìdí rẹ̀ lókè.

Ìkarùn-ún, ẹ ní kó máa gbé spam lọ sínú fódà Junk, ṣùgbọ́n ẹ má tíìkì ibi tó ní kó máa pa á rẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ máa dà á nù lẹ́yìn tí ẹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán, ẹ wo fódà yẹn àti fódà Spam ti sáfà.

Ìkẹfà ni ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí spam nínú Inbox, ẹ tẹ lẹ́tà J. Bí ẹ bá rí ímeèlì gidi nínú Junk, ẹ tẹ Shift àti J. Bẹ́ẹ̀ lásán ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe ni pé wọ́n máa ń fi spam nìkan kọ́ ọ. Asẹ́ tó jẹ́ pé eèrí nìkan ló rí rí, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ògì? Ẹ mú ímeèlì gidi tó ti wà nílẹ̀, ti iléèwé, ti banki, ti ẹ̀gbọ́n yín, ti ìjọ tàbí ti mọ́ṣáláṣí, ẹ fi Shift àti J sàmì sí wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tí kì í ṣe Junk. Ibẹ̀ ni “Lagos”, “naira” àti “madam” ti máa di ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí.

Bí asẹ́ bá dàrú, torí àbúrò yín tẹ J síbi gbogbo, ẹ wá “Reset Training Data” nínú ètò Privacy & Security, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ohun tí asẹ́ kọ́ wà nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ training.dat lórí kọ̀ǹpútà yín. Tiyín ni. Kò sí ẹni tó ń kà á. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fláàṣì, torí iná Festac yìí kì í bẹ̀rù kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó bú mi

Ẹ ó ní, “Ta ló tún ń lo ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà? Fóònù la wà.” Òótọ́ ni. Ẹ máa lo fóònù lọ. Ṣùgbọ́n iléèwé òkèèrè kì í fi WhatsApp pe ènìyàn. Ní àsìkò tí ẹ bá ń wá nǹkan pàtàkì, ẹ ṣí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ẹ tún lè ní kí Thunderbird tọ́jú ímeèlì sórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ lè kà á nígbà tí dátà bá tán.

Ẹ ó tún ní, “Asẹ́ Google àti ti Microsoft gbọ́n ju tèmi lọ.” Mo gbà. Wọ́n ń rí ímeèlì tó pọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè rí láéláé, bí irú spam tuntun bá jáde lówùúrọ̀, wọ́n lè ti mọ̀ ọ́n kó tó di ọ̀sán. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ pa tiwọn. Sáfà ló kọ́kọ́ ń sẹ́, tiyín ló tẹ̀ lé e. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdájọ́ ìkẹyìn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Fún àpẹẹrẹ, lórí Gmail, ẹ lè ṣe fílítà fún àdírẹ́sì iléèwé kan kí ẹ sì mú “Never send it to Spam”. Asẹ́ ńlá náà á gbọ́ràn sí yín lẹ́nu lórí àdírẹ́sì yẹn.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó le jù: asẹ́ ọ̀rọ̀ kò lè mú gbájúẹ̀ tó kọ ímeèlì tó jọ ti banki yín gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí. Ojú yín ni asẹ́ fún ìyẹn: ẹ wo àdírẹ́sì tó ti wá lẹ́tà sí lẹ́tà, ẹ má sì tẹ líǹkì tó bá ń béèrè pásíwọ̀ọ̀dù.

Ohun tó kù fún àwọn àgbà

Gbogbo èyí, apá tiwa ni. Lẹ́tà tí a ń kọ síta ńkọ́? Asẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Kánádà kò sí lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ni asẹ́ òde òní ń wò. Ó ń wò bóyá sáfà tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní àṣẹ láti lo orúkọ yẹn. SPF àti DKIM ni orúkọ àwọn ètò tó ń fi ìyẹn hàn. Láti oṣù kejì ọdún 2024, Google ti sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó bá ń fi ímeèlì 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ sí Gmail lóòjọ́ láti ní méjèèjì, pẹ̀lú ẹ̀kẹta tó ń jẹ́ DMARC. Iléèwé tàbí iléeṣẹ́ tí kò bá ṣètò wọn ń fi orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ṣòfò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ICT iléèwé yín bóyá wọ́n ti ṣe é. Ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè.

Ní tiwa, iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀sán Sátidé kan ni mo gbé síwájú yín. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ asẹ́ ayé ní ìtumọ̀ “Lagos” kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn Lagos. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé orí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ tíìkì ohun tó yẹ, ẹ kọ àdírẹ́sì tó yẹ sílẹ̀, ẹ fi ògì àti eèrí hàn án fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta. Bí lẹ́tà tí ẹ ti ń retí bá sì dé, kó bá yín nílé.